Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n yọ èrìgì, ìrora tún ń le sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa eyín. Adó-Èkìtì la wà. Èrìgì ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n yọ fún àbúrò mi. Parasítámọ́ọ̀ 500mg méjì ló ń lò ní wákàtí 6-6, kò kọjá 8 lóòjọ́. Ibuprofen 400mg lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn wákàtí 24 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu: ìdajì ṣíbí kékeré sí ife kan. Ara kọ́kọ́ tù ú. Ní báyìí ìrora ti ta dé etí, ẹnu ń rùn, ihò náà ṣófo. Ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo egungun ló ṣí kúrò? Sítírọ́ọ̀ tó fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fura sí. Ṣé ká padà lọ kí dókítà fi òwú olóògùn kànáfùrù dí i, àbí ká dúró? Iyán ńkọ́? Ẹ̀kọ mímu ti sú u.