Èédú ilẹ̀, igi àti afẹ́fẹ́: orúkọ wo ló bá wọn mu?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá gbogbo àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ láàárín àwa atúmọ̀ èdè: kí ni ká máa pe renewable energy ní Yorùbá? Arákùnrin wa kan ń túmọ̀ ìròyìn nípa Ørsted, ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá ti orílẹ̀-èdè Dẹ́nmárkì, ó sì gbé e kalẹ̀ báyìí: “Ilé-iṣẹ́ náà ti kúrò lórí èédú, ó ti bọ́ sórí agbára àtúnlò.” Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká fi “agbára àìnípẹ̀kun” rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn ní “agbára ìsọdọ̀tun” ló tọ́. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èédú tí gbogbo wa fò kọjá náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí ṣe gan-an ni kò jẹ́ kí àwọn orúkọ náà bá a mu.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ní Dẹ́nmárkì para pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ DONG Energy. D dúró fún Dẹ́nmárkì, O fún epo, N àti G fún gáàsì inú ilẹ̀. Ní 2009 wọ́n kéde pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iná àti ooru tí àwọn ń pèsè ló ń ti ara èédú ilẹ̀, epo àti gáàsì wá, ìdá 15 péré ló ń ti ibòmíràn wá, àwọn sì fẹ́ dojú ìṣirò náà dé, kí 15 di 85, ó pẹ́ tán ní 2040. Ọdún 2019 ló bọ́ sí i: wọ́n dé ìdá 86. Láàárín méjèèjì, ní 2017, wọ́n ta òwò epo àti gáàsì wọn fún Ineos, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan. Orúkọ wá di ẹrù. Báwo lẹni tí kò ta epo, tí kò wa gáàsì mọ́, ṣe máa jẹ́ Epo-àti-Gáàsì? Lọ́dún náà ni wọ́n sọ ara wọn ní Ørsted, orúkọ Hans Christian Ørsted, ọmọ Dẹ́nmárkì tó rí i ní 1820 pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí á yí. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà. Ilé-iṣẹ́ tó náwó pààrọ̀ orúkọ nítorí pé ti àtijọ́ ti di irọ́, ó yẹ kí àwa tí a ń túmọ̀ ìròyìn rẹ̀ náà fara balẹ̀ lórí orúkọ.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èédú. Lẹ́nu Yorùbá, èédú ni igi tí a sun tó dúdú, tó ń kun ọwọ́. Ohun tí wọ́n ń dá iná sí ní Dẹ́nmárkì kì í ṣe ìyẹn. Òkúta dúdú ni, igbó ayé àtijọ́ tó rì mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí mílíọ̀nù 300 ọdún. Àwọn kan á ní àyè ọ̀rọ̀ á tú u sílẹ̀ fún òǹkàwé. Kò ní tú u sílẹ̀, ẹ wò ó: ní 2016, Ørsted yí ilé amúnáwá Studstrup tó wà lẹ́bàá Aarhus àti ti Avedøre lẹ́bàá Copenhagen padà, kí wọ́n lè máa sun igi dípò ohun tí wọ́n ń sun tẹ́lẹ̀. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́: “Wọ́n kúrò lórí èédú, wọ́n bọ́ sórí igi.” Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ibo ni èédú ti ń wá bí kò ṣe lára igi? “Èédú ilẹ̀” ló yẹ ká máa kọ, ní gbogbo ìgbà, láìgé e kúrú. Àwọn tó fẹ́ “kóòlù”, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èédú ilẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá, kóòlù ò sọ nǹkan kan.

Igi yẹn ni ẹ jẹ́ ká sún mọ́ wò dáadáa, torí òun ló da ọ̀rọ̀ rú. Wọn ò to ìtì igi sínú ààrò. Lẹ́búlẹ́bú igi ni, tí ẹ̀rọ fún pọ̀ di kóró róbótó gígùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìka ọmọdé lọ. Bí ó bá dé ilé amúnáwá, wọ́n á tún lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fẹ́ ẹ sínú ààrò, bí wọ́n ṣe ń ṣe èédú ilẹ̀ náà gẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Ààrò ń hó omi, ooru omi ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń mú iná wá, omi gbígbóná tó kù á gba inú páìpù lọ sílé àwọn èèyàn kí wọ́n má bàa gan nígbà òtútù. Ààrò ọjọ́sí ló ṣì ń jó. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Igi yìí wà nínú ìdá 86 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú afẹ́fẹ́.

Nísinsìnyí, àtúnlò. Ohun tí a bá lò tán, tí a tún lò, ni àtúnlò: ike, ìgò, irin. Afẹ́fẹ́ tó bá ti fẹ́ kọjá lára ẹ̀rọ gíga tó ń fi í mú iná wá ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa pè é padà wá yí i lẹ́ẹ̀kejì. Òmíràn ló ń bọ̀. Igi tó bá jóná di eérú, kò ní tún jó. Nínú gbogbo ohun tí Ørsted ń lò, kò sí èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ní etí ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni n ó fi dá wọn lóhùn. Fọ́nrán gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe apá gbọọrọ tó ń yí yẹn, wọ́n á fi oje tó ń gan lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì ṣòro láti tú u ká bí ó bá gbó. Ní 2021, Ørsted kéde pé òun ò ní jẹ́ kí apá kankan tí òun bá tú palẹ̀ parí sí ààtàn mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ìlò mìíràn fún un. Àtúnlò gidi nìyẹn! Ẹ wá bá mi túmọ̀ rẹ̀: “àtúnlò apá ẹ̀rọ agbára àtúnlò”. Bí a bá ná ọ̀rọ̀ yìí sórí afẹ́fẹ́, kí ni a ó fi ra nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa tó mú “àìnípẹ̀kun” wá, ẹ má bínú o. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ “agbára àìnípẹ̀kun” á ti máa wò bóyá kí òun dìde dúró fún àdúrà. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń ṣe bí ẹni pé agbára náà kì í dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀, bó bá sì ti rọlẹ̀, ẹ̀rọ á dúró. Oòrùn ń wọ̀. Wọ́n máa ń dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n wọn kì í tán. “Ìsọdọ̀tun” náà ní tiẹ̀: ta ló ń sọ afẹ́fẹ́ dọ̀tun? Ilé ni a ń sọ dọ̀tun, ìwé àṣẹ ni a ń sọ dọ̀tun. Gẹ̀ẹ́sì ló fi renewable kó wa sínú ìyẹn, Jámánì àti Faransé sì ń bá a tọ ọ̀nà kan náà. Kò sí ohun tó sọ ọ́ di dandan. Àwọn ará Dẹ́nmárkì tí wọ́n ni ilé-iṣẹ́ náà, vedvarende energi ni wọ́n ń pè é, agbára tó ń bá a lọ, tó ń wà títí. Kò sí “tún” níbẹ̀, kò sí “ọ̀tun”.

Ohun tí mo mú wá ni pé ká lo orúkọ méjì. Kí afẹ́fẹ́, oòrùn, omi tó ń ṣàn àti ooru inú ilẹ̀ máa jẹ́ “agbára àìtán”. Kí igi, koríko ọkà gbígbẹ àti gbogbo ohun tó ń hù máa jẹ́ “agbára àtúnhù”. (Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà pé oòrùn náà máa kú lọ́jọ́ kan, bílíọ̀nù 5 ọdún ló ṣì kù, a ó pàdé níbẹ̀.)

Ìdí tí mo fi pín in ni pé ìwà wọn yàtọ̀. Bí Dẹ́nmárkì bá fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba afẹ́fẹ́ òkun, afẹ́fẹ́ ọ̀la ò ní torí ẹ̀ dín. Bí wọ́n bá fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ igi tí wọ́n ń sun, igbó ibì kan á gbọ́ ọ. Igi máa ń tán. Ó ń padà wá bí ẹnì kan bá gbìn ín, bí wọ́n bá sì fún un láyè kó dàgbà, ìyẹn sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ààrò kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá lórí kóró kan. “Àtúnhù” gbé májẹ̀mú yẹn sínú ara rẹ̀: bí kò bá tún hù, kì í ṣe àtúnhù. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá lè bi ilé-iṣẹ́ náà pé, “Ṣé ó ti tún hù?” Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi “ìsọdọ̀tun” bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé òfin ti sọ pé ọ̀rọ̀ kan ni òfin ń lò, pé bí a bá fi méjì túmọ̀ rẹ̀, a ti ń dá sí ẹjọ́ tí kò kàn wá. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lóòótọ́ ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ka igi mọ́ afẹ́fẹ́ àti oòrùn, bí igi náà bá ti pé àwọn ìlànà kan. Gáàsì káábọ̀n, èyí tó ń mú ayé gbóná, tó ń jáde lẹ́nu símínì Studstrup, òdo ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀ nínú ìṣirò ilé amúnáwá, torí wọ́n ní ibi ìṣirò igbó àti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á nígbà tí wọ́n gé igi náà. Ní oṣù kejì 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 500 kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Japan àti South Korea, wọ́n ní kí wọ́n yéé ka sísun igi fún iná mọ́ ohun tí kò ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ørsted ní tirẹ̀ sọ pé àjẹkù pákó àti ẹ̀ka láti inú igbó tí wọ́n ń tún gbìn ni òun ń lò jù. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan pò wọ́n pọ̀ ti dá ẹjọ́ fún igi láìfọhùn. Tèmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó kàn sọ pé èyí ń hù, èyí kì í tán. Fún ìwé òfin, ẹ kọ méjèèjì pọ̀, “agbára àìtán àti àtúnhù”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ nù nínú rẹ̀.

“Kúrò lórí” náà ò dá mi lójú. Ẹnì kan ti dábàá “ìkọ̀sílẹ̀ èédú”. Ẹ̀rín pa mí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní 2017 Ørsted ní tó bá máa fi di 2023 òun ò ní sun èédú ilẹ̀ mọ́. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine dé, gáàsì di ọ̀wọ́n gógó ní Yúróòpù, ni ìjọba Dẹ́nmárkì bá pàṣẹ ní oṣù kẹwàá 2022 pé kí wọ́n ṣì máa lo àwọn ẹ̀rọ kan tó ń jẹ èédú ilẹ̀ àti epo, títí di ìparí oṣù kẹfà 2024. Ẹni a ti kó ẹrù rẹ̀ síta tún wọlé wá jókòó. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n tó pa ilé amúnáwá Esbjerg, èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń sun èédú ilẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀, “jíjáwọ́” ló bá a mu: èèyàn lè máa jáwọ́ nínú nǹkan fún ọdún pípẹ́ kó tó jáwọ́ tán. Mo bá a kọ gbólóhùn náà báyìí: “Ørsted ti jáwọ́ nínú èédú ilẹ̀, ó ti bọ́ sórí agbára àìtán àti agbára àtúnhù.”

Àwọn tó ní ká yọ “agbára” kúrò, ká máa pe gbogbo rẹ̀ ní “iná”, ẹ rántí omi gbígbóná inú páìpù yẹn. Ooru ni wọ́n ń tà níbẹ̀, iná kọ́. Agbára dúró sípò rẹ̀.

Ó ku “oko afẹ́fẹ́” tí ẹnì kan sọ gbà-á-bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró sí ni, wind farm, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é lóko. Kò sẹ́ni tó gbin nǹkan kan síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ro ó. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sójú òkun láyé ni ti Vindeby, ní Dẹ́nmárkì, ní 1991: ẹ̀rọ 11, mẹ́gáwáàtì (òṣùwọ̀n agbára iná) 5 lápapọ̀. Ní Hornsea 1, tí Ørsted kọ́ sí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ 174 ló wà, ẹyọ kan sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 7, ẹ̀rọ kan ṣoṣo níbẹ̀ ju gbogbo ti Vindeby lọ. “Ọ̀wọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́” ni mo máa ń kọ, torí wọ́n dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí omi. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn ún gbọ́ ju ọ̀wọ́ lọ, ẹ mú un wá. Oko ni mi ò ní gbà.