Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé Sankhya ni kí n fi wo AI àbí ti Buddha?

Ọmọ Délhì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Másítà kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Délhì níbí, wọ́n wá ki kọ́ọ̀sì filọ́sọ́fì ilẹ̀ Íńdíà kan bọ̀ ọ́ fún wa, ibẹ̀ ni mo ti kó sí wàhálà, torí mo fẹ́ fi ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ wọn wo AI nínú iṣẹ́ ìwádìí mi. Àwọn Sankhya, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ní nǹkan 25 ló wà, 24 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti prakriti, ìyẹn ìṣẹ̀dá tí ò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀, kódà manas tó ń rò, buddhi tó ń pinnu, ahamkara tó ń pariwo "èmi, èmi", prakriti ni gbogbo ẹ̀. Purusha, ìyẹn ẹ̀mí tó ń mọ nǹkan, òun nìkan ló ń wòran, kì í sì í ṣe nǹkan kan. Mo ní ah, AI rèé! Ó ń rò, ó ń pinnu, ó ń ní "èmi", kò sì sí awòran kankan nínú ẹ̀. Ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ mi ní ó ti rọrùn jù, kí n lọ wo ti Buddha. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀gá ẹ ò purọ́. Sankhya ní buddhi tìẹ náà ò mọ nǹkan kan o, purusha tó wà nítòsí ẹ̀ ló jẹ́ kó dà bíi pé ó mọ̀. Kí ló wá ní kí purusha má lè wà nítòsí ẹ̀rọ? Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní dífẹ́ǹsì wàá làágùn.

Báyọ̀: Mú Charvaka jàre, àwọn onífilọ́sọ́fì Íńdíà míì nìyẹn, wọn ò gba purusha kankan gbọ́. Ilẹ̀, omi, iná, afẹ́fẹ́, tí wọ́n bá ti pàdé bó ṣe yẹ nínú ara, ìmọ̀ á dé, bí ọtí ṣe ń pani bẹ́ẹ̀ nǹkan tí wọ́n fi pọn ọ́n kì í pani.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, àmọ́ ìwé wọn ti sọnù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹnu àwọn tó ń bá wọn jà la ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ṣé ìyẹn ló fẹ́ máa tọ́ka sí? Sankhya ṣì ní ìwé wọn, Sankhyakarika, lọ́wọ́.

Déọlá: Mo jókòó síbí o, mò ń kẹ́kọ̀ọ́.

Tóyìn: Ẹ yéé so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kiri, pé manas nìyí, buddhi nìyẹn. Àwọn Nyaya, ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì Íńdíà míì, ní manas kéré bíńtín, kò lè bá ju ẹyọ kan lọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ojú, etí, imú àtàwọn yòókù, ìdí nìyẹn tí a kì í fi mọ nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Transformer, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ AI tí àwọn Google gbé jáde ní 2017, wá ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó síwájú ẹ̀ pọ̀ ni. Ibi tí wọn ò ti bára mu yẹn ló dùn jù lójú tèmi.

Ọmọ Délhì: Ti Buddha wá ńkọ́?

Tóyìn: Yóò yí ìbéèrè ẹ padà ni. Wọ́n ní èèyàn gan-an ò ní "èmi" kan tó dúró sójú kan, nǹkan 5 tó ń yí padà tó kóra jọ la jẹ́. Torí náà wọn ò ní bi ẹ́ bóyá AI ní "èmi", bóyá nǹkan máa ń dun AI ni wọ́n á bi.

Ọmọ Délhì: Hmm. Sankhya náà ni màá mú, ìbéèrè Ìyá Ìbejì á di orí kejì. Aunty Tóyìn, ṣé kí n fi Nyaya yẹn ṣe orí kẹta?

Tóyìn: Rárá o, fi sílẹ̀, á pọ̀ jù. Ìbéèrè purusha yẹn nìkan máa gbà ẹ́ ní sẹ́mẹ́sítà kan.