Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa. Nínú oṣù kẹta, mo mú ₦15,000 nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ láti fi kún owó ilé-ìwé ọmọ mi. Mo dá a padà lóòótọ́, àmọ́ kí n tó dá a padà, wọ́n ka owó, kò pé. Arábìnrin tí a jọ ń gba owó ni gbogbo ojú ń wò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣí ìwé orin bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà, n kò fọhùn. Láti ọjọ́ náà, ìlà ẹ̀yìn ló ń dúró sí.

Mo ti sunkún níwájú Ọlọ́run. Ọkọ mi ní ó ti tó, pé Orin Dáfídì 51 sọ pé Ọlọ́run nìkan ni Dáfídì ṣẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa, Sákéù agbowó-orí náà sì dìde, ó ní òun á san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo ti ṣírò tèmi: ₦60,000.)

Ká sòótọ́, ìtìjú ló ń dà mí láàmú ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ. Ṣé arábìnrin náà ni kí n kọ́kọ́ bá ni, àbí pásítọ̀, àbí gbogbo ẹgbẹ́? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?