Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtọ̀ ṣúgà màmá mi àti sísanra

Ọmọ Màmá: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni mo fẹ́ èsì. Dókítà sọ fún màmá mi lánàá pé ìtọ̀ ṣúgà wọn (táìpù 2) kò ní rọlẹ̀ bí wọn ò bá dín sísanra kù. Ọ̀la la máa padà lọ sọ èyí tí a mú: abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ebi pani, iṣẹ́ abẹ inú tó ń mú kéèyàn rù, tàbí kí wọ́n kàn dín oúnjẹ kù. Èwo ló ṣiṣẹ́ fún ẹni tẹ́ ẹ mọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, o ò sọ oògùn tí màmá ń lò, o ò sọ bó ṣe pẹ́ tó tí àìsàn náà ti wà lára wọn. Ṣùgbọ́n má fòyà. Kò dìgbà tí wọ́n bá di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ẹni tó wọn kílò 100 bá dín kílò 5 sí 10 kù, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wálẹ̀.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Ẹ má jẹ́ kí màmá febi pa ara wọn o! Glibenclamide, oògùn tó ń já ṣúgà wálẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lò nígbà tí ẹnì kan ní kí wọ́n máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí wọ́n lè rù. Wọ́n rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún dókítà, wọ́n sì ń lo oògùn bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó wọn gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń mì. Òógùn ti rin aṣọ wọn gbingbin, eyín wọn há pọ̀, wọn ò dá ìyàwó wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n gún ìka wọn nílé ìwòsàn, 31 (mg/dL) ni ẹ̀rọ gbé jáde fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó bá ti wá sísàlẹ̀ 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù!

Àbíkẹ́: Yéè! Ṣé ara wọn ti yá báyìí? Èmi náà ń fo oúnjẹ àárọ̀, oògùn yẹn kan náà ni mo sì ń lò.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Ara wọn yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dá sùn mọ́. Àbíkẹ́, jọ̀ọ́, rí dókítà ẹ lónìí.

Akin: Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn lé àwọn èèyàn sá. Oògùn tí wọn ò dín kù ló ṣe é, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ wo ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tó jáde lọ́dún 2017. Oúnjẹ olómi tí agbára rẹ̀ kò tó kálórì 900 lóòjọ́ ni wọ́n fún àwọn èèyàn fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kù díẹ̀ kí ìdajì wọn pé tí ṣúgà wọn ti padà sípò láìlo oògùn. Nínú àwọn tó dín kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù, 86 nínú 100 ni.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Akin, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yẹn gan-an ni wọ́n dá oògùn ṣúgà wọn dúró! Wọn ò sì mú ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní insulin, wọn ò mú ẹni tí àìsàn náà ti lé ní ọdún 6 lára ẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi?

Akin: Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Kì í ṣe ohun tó o kọ́kọ́ kọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ màmá ọmọ yìí la wà lórí ẹ̀. Metformin, oògùn ṣúgà mìíràn, kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ jù bó bá dá wà. Glibenclamide àti insulin lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè mú kéèyàn sanra sí i. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pààrọ̀ oògùn kẹ́ ẹ tó mú ohunkóhun. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ bíi semaglutide ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi í kún. Inú rírú àti èébì wọ́pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú wọn wò ṣáájú, torí pé bí ṣúgà bá yára wálẹ̀, ojú tó ti ní àbùkù lè burú sí i.

Àdùnní: Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọkọ mi sanra, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń hanrun, èémí rẹ̀ á dúró lójú oorun, á tún já gààrà. Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ tó dáa tó ń ranni lọ́wọ́ láti mí lójú oorun?

Bàbá Káyọ̀dé: Rínrìn ni o! Ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú bàtà wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Ìṣó gun bàbá mi, wọn ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ la rí.

Ọmọ Màmá: Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti wo páálí oògùn wọn, glibenclamide ni. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Fẹ́mi bà mí lẹ́rù, mo kà á fún màmá. Màmá ní àwọn ò ní fi ebi ṣeré, àwọn ò sì fẹ́ abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n mú. Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ mú un níbí!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò burú, Ìyá Ìbejì. Fún ẹni tó sanra gan-an, ó wà lára ohun tó ń dín ṣúgà kù jù lọ. Ọmọ Màmá, béèrè ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn ẹ̀, torí pé títí ayé ni wọ́n á máa lo fítámì. Àti ọ̀rọ̀ Àdùnní yẹn: Àdùnní, kí dókítà yẹ oorun ọkọ ẹ wò kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan. Bí màmá náà bá ń hanrun bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa fún wọn ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ọmọ Màmá: Wọ́n ń hanrun o. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀la.