Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kókó tó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin ará, mo bi yín níjọ́sí bóyá dandan ni kí wọ́n la ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Kubwa gbọọrọ, kí wọ́n tó lè yọ kókó tí MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà yà) fi hàn lára iṣan ìmọ̀lára kan nítòsí ìbàdí rẹ̀. Wọn kò là á gbọọrọ.

Oníṣẹ́ abẹ náà gé awọ ara ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ó ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń ya ẹran ẹ̀yìn sọ́tọ̀ láìbó o kúrò lára eegun wọlé, ó gé díẹ̀ lára eegun ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ibẹ̀, bí ẹ̀rọ kan ti ń ṣọ́ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Schwannoma ni àyẹ̀wò pè é, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ara sẹ́ẹ̀lì tí ó wé mọ́ iṣan ni ó ti ń hù, ó sì sábà máa ń ti àwọn fọ́nrán iṣan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé hó kúrò.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni ọ̀nà yìí bá mu: èyí tí ó tóbi jù, tàbí tí ó gba eegun ẹ̀yìn púpọ̀ kọjá, lè gba kí wọ́n là á gbọọrọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a múra Íńdíà, ẹ ṣeun, Abuja níbí náà ni wọ́n ti ṣe é.

Ìrora ẹsẹ̀ náà ti lọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì mọ ìfọwọ́kàn dáadáa, wọn yóò sì tún ya MRI mìíràn láti mọ̀ bóyá nǹkan ṣẹ́kù.