Èsì: «Aláìjáde» tí wọ́n fún Brian Lara

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa fi «aláìjáde» túmọ̀ «not out» ti Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì máa pe Lara, akọni kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies tó ṣe ayò («run») 400, ní «aláìjáde ọgọ́rùn-ún mẹ́rin», nítorí pé wọn kò rí i lé kúrò lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Àńtígúà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2004. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò bá wọn pa á.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín: ta ló sọ irinwó nù? Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka ebè, igba-igba ni wọ́n ń kà á lọ, irinwó kì í ṣe nǹkan bàbàrà lẹ́nu wọn. Òǹkà wa gan-an ló dùn jù nínú ìtàn yìí. Ẹ wo àwọn tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Test, ìyẹn orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: Garfield Sobers ṣe ayò 365 ní Kingston lọ́dún 1958. Lara ṣe 375 ní 1994. Matthew Hayden ará Ọsirélíà wá ṣe 380 ní Perth ní 2003. Ẹ fi ẹnu àwọn àgbà kà á: òjìdínnírinwó lé márùn-ún, okòódínnírinwó ó dín márùn-ún, okòódínnírinwó gan-an. Dín, dín, dín! Irinwó ni gbogbo wọn ń jẹ ní gbèsè kí Lara tó dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará ìlú kan máa ní ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún làwọn ń pe 380. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku «aláì» yìí. Aláìmọ̀kan, aláìgbọ́ràn, aláìnítìjú: ṣé àárín àwọn wọ̀nyí lẹ fẹ́ kí akọni jókòó sí? Ẹ má mú aláìlẹ́gbẹ́ wá dá mi lóhùn, ẹgbẹ́ ni onítọ̀hún kò ní. Kí ni aláìjáde kò ní? Bí mo bá gbọ́ ọ lójijì, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni màá rò.

«Jáde» fúnra rẹ̀ kò bá a mu rárá. Lara ni balógun ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe pé irinwó, òun ló ní ó tó, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Wiaan Mulder ti Gúúsù Áfíríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bulawayo lọ́dún 2025: 367 ló wà, balógun lòun náà, ó dáwọ́ dúró, ó ní kí àkọsílẹ̀ Lara wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jáde tinútinú lẹ wá ń pè ní aláìjáde! Hanif Mohammad ńkọ́, tó wà lórí 499 nínú ìdíje abẹ́lé (kì í ṣe Test) ní Karachi lọ́dún 1959, tí wọ́n fọ́ wíkẹ́ẹ̀tì, àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, mọ́ ọn níbi tó ti ń sáré? Ṣé ìyẹn ló «jáde»? Wọ́n lé e ni.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìṣe ló yẹ ibẹ̀: «Lara ṣe irinwó, wọn ò lè lé e.» Kò sí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kankan níbẹ̀, ó sì délé. Ọ̀gbẹ́ni tó ní ká lo «kò kú», bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ nínú eré, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n èmi kì í fi ikú ṣàwàdà lórí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹnìkan sì ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé «lé» yìí á dàrú mọ́ «lé» inú òǹkà, pé 501 tí Lara ṣe fún Warwickshire, ẹgbẹ́ abẹ́lé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1994 ń jẹ́ «ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé kan». Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́: ọmọ Yorùbá wo ló gbọ́ «wọ́n lé e» tó rò pé wọ́n fi nǹkan kún un?