"Ìró-ìbejì" ni àbí "àjọparí"? Ọ̀rọ̀ lórí orin aláró kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe ìró tó bára mu níparí ìlà ewì ní "ìró-ìbejì". Orin tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ:

Mo pa aṣọ láró, ó gba aró,
Mo sá a sóòrùn, ó gba oòrùn,
Mo gbé e dé ọjà, ó gba owó,
Ọwọ́ mi nìkan ni ò gba ọṣẹ.

Wọ́n ní aró àti owó ni ìbejì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje péré la ní, kò sì sí sílébù wa tó ń fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ẹni tó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá á ti ṣèèṣì bí ìbejì mẹ́ta kó tó mí kanlẹ̀. Tó bá ṣe orúkọ là ń wá, "àjọparí" tó mi, bí a ṣe ń sọ àjọbí àti àjọjẹ.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ ka sílébù bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn: 10, 11, 10, 10. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò pè é báyẹn. "Paṣọ" ni wọ́n pè, "gbaró", "dọ́jà". Lẹ́nu tiwọn, 8, 10, 8, 9 ni. Ìpajẹ, ìyẹn pípa fáwẹ̀lì jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, ò tilẹ̀ dá "gba" tí gbogbo wa ń pè ní àwítúnwí sí: gbaró, gboòrùn, gbowó, gbọṣẹ. Ojú rí "gba" lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àmọ́ "gb" nìkan ni kò yí padà létí. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà ò dúró sójú kan: aṣọ tó gba aró, ó mu ún ni, èyí tó gba owó, owó ló mú wálé.

Ìlà kẹrin ló dùn mọ́ mi jù. Ó gba, ó gba, ó gba. Àfi "ò gba" gbì! Fáwẹ̀lì kan náà ni, ohùn òkè ló já sí ìsàlẹ̀. Ká ní wọ́n pe "kò" tán ni, ì bá má hàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń wí i, èékánná dúdú bí ìdí ìkòkò aró.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ sọ lórúkọ nìyẹn. Èmi pè é ní "ìyíhùn". Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ẹni tó bá yíhùn padà, àdéhùn ló yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Aṣọ gba gbogbo ohun tí wọ́n fún un. Ọwọ́ ló kọ̀.